Antibayọ́tíìkì nínú oyún: ṣé òun ló ń fa ikọ́ fée fún ọmọ ni?

ÌyáTòmíwá (Ìbàdàn)

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará ibí. Oyún mi ti wọ oṣù karùn-ún. Nígbà tí mo lọ fún àyẹ̀wò aboyún, wọ́n ní kòkòrò wà nínú ìtọ̀ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò síbi tó ń dùn mí o! Ìtọ̀ kò ta mí, inú kò run mí, ibà kò ṣe mí. Wọ́n ṣáà kọ amoxicillin, antibayọ́tíìkì tó ń pa kòkòrò, ti ọjọ́ méje fún mi. Mo ti rà á, orí tábìlì ló wà.

Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Denmark ló wá fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní àwọn olùwádìí ibẹ̀ gbé e jáde ní 2013 pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ lo antibayọ́tíìkì nígbà oyún máa ń ní ikọ́ fée, asthma tí à ń wí yìí, ju àwọn ọmọ yòókù lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n wò lé ní 30,000. Ẹ̀rù bà mí, torí Tòmíwá tó jẹ́ àkọ́bí mi, tí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, àyà rẹ̀ á máa dún fíì-fíì. Mi ò fẹ́ kí ti èyí tún rí bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n lo oògùn yìí ni, àbí kí n máa mu omi dáadáa kí n sì máa gbàdúrà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi dá sí i.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Ìyá Tòmíwá, ẹ kú ìnira o. Ọlọ́run á sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀. Tí ara yín kò bá ti kọ penicillin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí, torí ọ̀kan lára wọn ni amoxicillin, ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn yín.

Tí oyún bá ti wà lára, àwọn ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti inú kíndìnrín bọ́ sínú àpòòtọ̀ máa ń dẹ̀, ilé ọmọ náà á sì máa tẹ̀ wọ́n. Ìtọ̀ kì í yára ṣàn mọ́. Kòkòrò tó bá ti wà nínú àpòòtọ̀ á ráyè gòkè. Nínú 100 aboyún tó ní irú kòkòrò tí kì í dunni yìí, tí wọn kò sì tọ́jú rẹ̀, ó lè tó 30 tó máa bọ́ sí àìsàn kíndìnrín. Ẹni tó bá ti rí aboyún tí kíndìnrín rẹ̀ dàrú rí, tó ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń bì, tí ara rẹ̀ gbóná bí iná, kò ní béèrè ìdí tí a fi ń yẹ ìtọ̀ ẹni tí kò ráhùn wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ọ́ nínú ìlànà àyẹ̀wò aboyún tí wọ́n gbé jáde ní 2016 pé kí wọ́n fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní antibayọ́tíìkì ọjọ́ méje.

Èémí ọmọ tí ẹ ń dààmú lé lórí gan-an wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àìsàn kíndìnrín lè mú kí ìrọbí dé láìtọ́jọ́. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ohun tó máa ń yọ̀ nínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró, tí kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra tí ọmọ bá mí síta, kò tíì tó lára rẹ̀. Á máa fi gbogbo agbára fa èémí, ihò imú á máa fẹ̀, abẹ́ ìhà á máa wọnú. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù ju ohun tí wọ́n kọ sórí WhatsApp lọ.

BàbáFẹ́yìí

Nọ́ọ̀sì, a gbọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dáhùn ohun tí wọ́n bi yín. Ìyàwó mi lo antibayọ́tíìkì nígbà oyún Fẹ́yìí, ìnhélà ni ọmọ náà ń fà báyìí. Àwọn ará Denmark kò jókòó pa àlọ́ o.

Mo kà á pé ara ìyá ni ọmọ ti ń gba àwọn kòkòrò rere tó máa ń gbé inú ìfun wa, àwọn ló sì ń kọ́ ara ọmọ ní ohun tó yẹ kó bá jà àti ohun tó yẹ kó fi sílẹ̀. Oògùn tó bá pa kòkòrò burúkú lára ìyá, ṣé ó máa dá ti rere sí ni? Ọmọ á wá délé ayé, eruku lásán ni ara rẹ̀ á máa bá jà. Ẹ dá mi lóhùn.

Apòògùn Òṣogbo

Bàbá Fẹ́yìí, ohun tí ẹ sọ nípa kòkòrò rere kì í ṣe irọ́, àwọn onímọ̀ ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n Denmark kọ́ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Ní 2014, àwọn ará Sweden gbé iṣẹ́ tiwọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Ọmọ 493,785 ni wọ́n wò, gbogbo wọn ni wọ́n bí láàárín 2006 sí 2010. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ báyìí, ohun tí Denmark rí ni àwọn náà rí: ewu ikọ́ fée fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ lo antibayọ́tíìkì nígbà oyún. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí ni, mi ò bá gbà pẹ̀lú yín.

Wọn ò dúró. Wọ́n mú àwọn ọmọ ìyá kan náà wá, kí wọ́n fi èyí tí ìyá lo oògùn nígbà oyún rẹ̀ wé àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ìyá kò lò ó nígbà tirẹ̀. Ilé kan náà, ìdílé kan náà, ìyá kan náà. Ìdá 28 yẹn pòórá pátá! Kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ wá gbọ́ ti Manitoba ní Kánádà, 2018 nìyẹn. Ọmọ 213,661. Àwọn náà rí i pé ewu pọ̀ sí i pẹ̀lú ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìyá bá lo oògùn nígbà oyún. Wọ́n wá yẹ ìyá tó lo antibayọ́tíìkì láàárín oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú oyún wò: ìdá 27. Ìyá tó lò ó láàárín oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìbímọ: ìdá 32. Ẹ bá mi rò ó. Oògùn tí obìnrin lò nígbà tí kò tíì lóyún, báwo ló ṣe wọ àyà ọmọ tí kò tíì sí?

Ohun tó jọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin tó ń lo antibayọ́tíìkì lemọ́lemọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí kì í lò ó. Òun fúnra rẹ̀ lè ní ikọ́ fée, èyí tó ń mú kí àyà dà á láàmú, tí dókítà á sì máa kọ oògùn fún un. Èèfín lè pọ̀ nílé rẹ̀, èèyàn lè kún yàrá kan ṣoṣo. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ló ń bá ọmọ dàgbà.

BàbáFẹ́yìí

Ẹ̀yin apòògùn lẹ ń tà á, ẹ kò lè sọ pé kò dáa.

Apòògùn Òṣogbo

Bàbá Fẹ́yìí, amoxicillin ọjọ́ méje kò lè kọ́lé fún mi. Ṣé ẹnikẹ́ni ní ikọ́ fée nínú ẹbí yín tàbí ti ìyàwó yín?

BàbáFẹ́yìí

Ìyá mi ní i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà ní i. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé oògùn kò dá kún un.

Apòògùn Òṣogbo

Òótọ́ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sì ní búra pé oògùn kankan kò lè dá kún nǹkan kankan. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìyá tó ní kòkòrò nínú ìtọ̀, ewu tó wà níwájú rẹ̀ hàn kedere. Ewu ikọ́ fée tí wọ́n ń fi dẹ́rù bà á yìí, nígbà tí wọ́n fi ọmọ ìyá kan náà wé ara wọn, wọn kò rí i mọ́. Ẹni tó bá ju oògùn nù nítorí rẹ̀ ti fi ewu àròsọ ra èyí tó dájú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí Ìyá Tòmíwá béèrè lọ́wọ́ wọn. Ṣé wọ́n gbin ìtọ̀ náà sí lábù, kí wọ́n mọ oògùn tó ń pa kòkòrò ọ̀hún? Kòkòrò tó ń jẹ́ E. coli ló sábà máa ń fa èyí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò sì ka amoxicillin sí mọ́ nílẹ̀ wa. Tí èsì lábù bá sọ pé amoxicillin ràn án, ó parí. Tí kò bá ràn án, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn tí aboyún lè lò. Tí ẹ bá sì lò ó tán, ẹ padà lọ kí wọ́n tún ìtọ̀ yẹ̀ wò. Àwọn èèyàn kì í padà lọ, ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlọrin

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ síbí yìí o. Èmi kò lọ sí ọsibítù kankan. Nǹkan funfun ló ń dà lára mi, aládùúgbò mi ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì infẹ́kṣọ̀n ni, pé kí n lọ sí kẹ́mísìtì ìta wa. Ìyẹn pò ó pọ̀ fún mi sínú ọ̀rá: Flagyl, kápúsù alápupa-àti-yẹ́lò, àti funfun kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò tíì sọ fún un pé mo lóyún, torí oyún ọ̀hún kò tíì yọ. Ṣé irú èyí náà kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Àbẹ̀kẹ́ mi, jọ̀ọ́, má tíì lo ọ̀kankan nínú rẹ̀. Gbé ọ̀rá yẹn lọ sí ibi àyẹ̀wò aboyún kí wọ́n wò ó.

Kápúsù alápupa-àti-yẹ́lò yẹn, tetracycline ló sábà máa ń jẹ́. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin oyún, ó máa ń wọ inú egungun àti eyín ọmọ. Eyín á hù, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sì ní fọ̀ kúrò. Doxycycline náà, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Cipro àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a kì í fún aboyún níwọ̀n ìgbà tí òmíràn bá wà. Abẹ́rẹ́ streptomycin lè ba etí ọmọ jẹ́. Chloramphenicol tí wọ́n bá lò nígbà tí ìbí ti sún mọ́lé lè dá ọmọ tuntun dùbúlẹ̀, torí ẹ̀dọ̀ ọmọ kò tíì lè lọ̀ ọ́.

Septrin tí gbogbo yín fẹ́ràn fún inú rírun, ó ń dí folic acid lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, àsìkò tí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ń pa dé. Tó bá sì ku díẹ̀ kí ẹ bí, ó lè mú kí ojú ọmọ pọ́n. Àwọn ọmọkùnrin wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn ní àbùkù G6PD pọ̀, àwọn ni irú nǹkan báyìí máa ń kọlù jù. Àwọn kan náà ni káńfọ̀ tí ẹ ń kó sáàárín aṣọ ọmọ ń ṣe ní jàǹbá, mo fi ìyẹn ṣe ẹ̀bùn fún yín.

Flagyl fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá aboyún, dókítà máa ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ ń fi í pa? Nǹkan funfun tí kò rùn, tí kò yún ni, ó lè jẹ́ ti oyún lásán. Èyí tó ń yúnni, tó dì bí wàrà, olú ló sábà máa ń jẹ́. Antibayọ́tíìkì kì í pa olú, ńṣe ló ń ro oko fún un. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

ÌwẹnùAládùn

[Alábòójútó ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò. A kì í polówó àgbo níbí.]

Màmá Ṣakí

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kú wàhálà. Nígbà tiwa, ta ló ń lo gbogbo kápúsù wọ̀nyí? Àgbo ni mo mu lórí gbogbo ọmọ mi. Bí mo sì bí wọn tán, mo rọ wọ́n lágbo ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, mo fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní imú wọn, mo yá iná fún wọn lásìkò ọyẹ́. Kò sí èyí tó ń hu fíì-fíì nínú wọn. Òyìnbó ló kó ikọ́ fée wá.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Màmá, ẹ kú àmójútó wa o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Rírọ ọmọ yẹn, Màmá, ẹ bá wa sọ fún àwọn ẹgbẹ́ yín kí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ẹ fi ọwọ́ dí imú rẹ̀, ẹ da àgbo sí i lẹ́nu. Kí ọmọ tó lè mí, ó gbọ́dọ̀ gbé e mì. Tó bá sunkún níbẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun kọ́ ni omi ọ̀hún ń bá lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró tààrà ni. Òtútù àyà tó ń tẹ̀lé e kì í gbọ́ oògùn bọ̀rọ̀. Mo ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tó ń sunkún. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan tó o. Ọmú gan-an sì wà lára ohun tó ń gba àyà ọmọ là.

Iná tí ẹ yá lásìkò ọyẹ́, a mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Èèfín rẹ̀ ni a ń sá fún.

Apòògùn Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ èèfín yìí, mo dúpẹ́ pé Màmá mú un wá. Ní Ìbàdàn níbí, àwọn olùwádìí mú aboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, àwọn yòókù ń bá tiwọn lọ. Ohun tí wọ́n ròyìn ní 2017 ni pé lára àwọn tí wọ́n fún ní sítóòfù tuntun, díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wọn ru, bí 2 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó lé ní 6 lára àwọn yòókù. Ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún lè yọrí sí ọmọ tí kò tó ìwọ̀n, tó jáde kí oṣù tó pé. Ìyẹn kí a tó sọ̀rọ̀ èéfín tí ọmọ fúnra rẹ̀ máa fà nígbà tó bá dé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nílé ìdáná.

Ó ń yà mí lẹ́nu pé a lè jà lórí amoxicillin láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí jẹnẹrétọ̀ sì máa bú lẹ́bàá fèrèsé yàrá ọmọ, kí a tan oògùn ẹ̀fọn elééfín sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ká sì fi ìpara onímẹ́ńtọ́ọ̀lù ra ihò imú ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta.

Táíwò Peckham

Ẹ kú àsọyé. London ni mo wà. Èmi rò pé ẹnìkan yóò ti dárúkọ RSV kí n tó débí. Kòkòrò yẹn ló ń fa púpọ̀ nínú àìlèmí àwọn ọmọ ọwọ́, antibayọ́tíìkì kò sì ràn án rárá torí fáírọ́ọ̀sì ni. Láti oṣù kẹsàn-án 2024 ni wọ́n ti ń gún aboyún lábẹ́rẹ́ rẹ̀ níbí, tí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 28. Ìyá ni wọ́n ń gún, ara ìyá á pèsè ohun ìjà, á sì kọjá sára ọmọ kí wọ́n tó bí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú òyìnbó, tí agbẹ̀bí yín bá dárúkọ rẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ ò ṣe.

Àbúrò mi kan tó bímọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi òwú yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí oyún rẹ̀ wọ ọ̀sẹ̀ 36, wọ́n rí kòkòrò kan tó ń jẹ́ GBS lára rẹ̀. Nígbà tó ń rọbí, penicillin ni wọ́n ń fà sí i lára títí ó fi bímọ. Wọ́n ní tí ọmọ bá kó o lójú ọ̀nà, ó lè ní òtútù àyà kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, Bàbá Fẹ́yìí, ibẹ̀ yẹn antibayọ́tíìkì ni wọ́n fi dáàbò bo èémí ọmọ!

ỌmọAkin

Ó dáa, tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò kúkú fún gbogbo aboyún ní antibayọ́tíìkì nígbà ìrọbí, ká sinmi? Mo gbọ́ pé wọ́n ti dán an wò ní Áfíríkà.

Apòògùn Òṣogbo

Wọ́n dán an wò. Azithromycin gíráàmù 2, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún obìnrin tó ń rọbí. Àwọn tó wọ inú rẹ̀ lé ní 29,000 ní orílẹ̀-èdè méje, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Sáḿbíà wà níbẹ̀. Èsì jáde ní 2023. Lára àwọn ìyá, ó ṣiṣẹ́: àwọn tí àìsàn kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ mú tàbí tó kú jẹ́ 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún, níbi tí ti àwọn tí kò gbà á jẹ́ 2.4. Lára àwọn ọmọ, kò yí nǹkan kan padà. Àwọn tó ṣe tiwọn ní Gáḿbíà àti Burkina Faso náà kò rí àǹfààní rẹ̀ fún ẹ̀mí ọmọ tuntun.

Ohun tó yẹ kó dá èèyàn dúró ni ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 2001, ORACLE ni wọ́n pè é. Obìnrin tí omi oyún rẹ̀ ya kí oṣù tó pé, antibayọ́tíìkì tó ń jẹ́ erythromycin ṣe ọmọ rẹ̀ ní oore, a ṣì ń lò ó títí dòní. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìrọbí kàn dé láìtọ́jọ́, tí omi wọn kò ya, tí kò sì sí kòkòrò lára wọn, oògùn náà kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn ọmọ náà ní ọmọ ọdún méje, àwọn tí ọpọlọ wọn kò lè darí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ dáadáa pọ̀ sí i lára àwọn tí ìyá wọn gba antibayọ́tíìkì. Oògùn tí ẹ kò nílò kì í ṣe oògùn ọ̀fẹ́.

Ìdí kejì ni pé bí a ṣe ń lò ó tó ni kòkòrò ń gbọ́n tó. Ìṣirò tí wọ́n ṣe lórí 2019 fi hàn pé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ikú láti ọwọ́ kòkòrò tí kò gbọ́ oògùn mọ́ ti pọ̀ jù ní gbogbo àgbáyé, ó lé ní 27 nínú 100,000 èèyàn. Ọmọ tuntun ló sì ń bá púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Kí n fi kan kún ti Apòògùn. Tí ìrọbí bá fẹ́ dé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 34, abẹ́rẹ́ dexamethasone ni kí ẹ béèrè fún, ní ọsibítù tó lè tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ìyẹn kì í ṣe antibayọ́tíìkì. Ó ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tètè gbó. Wọ́n dán an wò ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, Nàìjíríà wà lára wọn, èsì rẹ̀ jáde ní 2020: nínú 100 ọmọ, àwọn tó kú jẹ́ nǹkan bí 20 dípò 24. Kò wọ́n, ó sì wà káàkiri, àìtètè dé ọsibítù ló ń pa á lára.

ÌyáTòmíwá

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo pe ibi àyẹ̀wò, wọ́n ní àwọn gbin ìtọ̀ náà, amoxicillin ràn án. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ń bínú, mo ní kó wá bá mi gbé oyún.

Ìbéèrè méjì ló kù. Wọ́n fún mi ní Fansidar ti ibà níbi àyẹ̀wò, ṣé òun àti amoxicillin kò ní bá ara wọn jà? Ìkejì, nígbà tí ọmọ yìí bá dé, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àyà rẹ̀ ló ń dà á láàmú, yàtọ̀ sí ọ̀fìnkìn lásán?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Wọn kò ní bá ara wọn jà. Ti ibà ni Fansidar, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 13 ni a ti ń fún yín, oṣù kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, kó sì tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó bímọ. Ẹ wo folic acid tí ẹ ń lò. Tó bá jẹ́ 0.4 mg, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ 5 mg, ẹ sọ fún wọn, torí ó ń dín agbára Fansidar kù. Aboyún tó bá ń lo Septrin lójoojúmọ́ nítorí HIV kì í lo Fansidar rárá, kí ẹni tó bá kàn má tijú láti sọ ọ́ níbi àyẹ̀wò.

Ti èémí: ẹ ka á. Ẹ dúró kí ọmọ fara balẹ̀ tàbí kó sùn, ẹ ṣí aṣọ rẹ̀ sókè, ẹ wo ikùn rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko lórí fóònù. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, tó bá tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ tún un kà. Tó bá ṣì tó bẹ́ẹ̀, ọsibítù yá. Láti oṣù méjì títí di ọdún kan, 50 ni. Tí abẹ́ ìhà bá ń wọnú nígbà tó bá ń mí, tó ń kérora, tí kò mu ọmú mọ́, tí ètè rẹ̀ dúdú, ẹ má ka nǹkan kan, ẹ máa lọ. Ọ̀fìnkìn lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ á máa mu ọmú, imú rẹ̀ nìkan ló máa dí.

Ẹ má sì pa abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 jẹ. Èyí tó ń dènà òtútù àyà ti wà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà láti ìparí 2014, ọ̀fẹ́ ni.

BàbáFẹ́yìí

Apòògùn, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan. Ìyàwó mi tún ti lóyún, ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú, ìyá rẹ̀ ní ká tètè ra ampiclox kí ó má bàa wọ àyà. Kí ni kí n ṣe?

Apòògùn Òṣogbo

Ẹ kú oríire! Ẹ má ra á. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, ampiclox kò mọ̀ ọ́n. Omi iyọ̀ fún imú, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí tíì fún ọ̀fun, parasítámọ́ọ̀lù tí orí bá ń fọ́ ọ, ìsinmi. Tí ara rẹ̀ bá gbóná, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà lọ́jọ́ náà gan-an, tí èémí rẹ̀ bá sì ń ṣe ségesège tàbí tí àyà ń dùn ún, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ikọ́ fée wà nínú ìdílé yín, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀.